Láti Brobo dé Òṣogùn: Ọmọ tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ni kò gbọdọ̀ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀?

Brobo kì í ṣe ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Yorùbá. Ìlú kékeré kan ni, ní apá ìlà-oòrùn Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé mọ̀ sí Ivory Coast. Àwọn Baoulé ló nilẹ̀ ibẹ̀. Iṣu ni wọ́n fi ń yangàn, wọ́n sì ń gbin òwú àti kajú. Bí ọmọ Baoulé bá jí láàárọ̀, èdè Baoulé ni yóò fi kí ìyá rẹ̀. Bó bá dé ilé ìwé, èdè Faransé ni olùkọ́ yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá bọ́ sí kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé girama, èyí tí wọ́n ń pè ní sixième, èdè kẹta yóò tún yọjú sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè náà, kò sì sí bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí yóò bá a pàdé nínú ìdánwò BEPC, yóò sì tún bá a pàdé nínú Baccalauréat tí í ṣe ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Ẹ fi ara yín sípò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ná. Ó ti fi ọdún mẹ́fà gbáko kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà lọ́nà ti Faransé. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá rí lẹ́tà H ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí òun fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wàyí o, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé, ó ní kí wọ́n máa mí H náà jáde ketekete. Ó rí ọ̀rọ̀ bíi "table", "nation" àti "question", ó yọ̀, ó ní òun mọ̀ wọ́n; lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ wọ́n nínú èdè méjèèjì. Àfi ìgbà tó la ẹnu, tí olùkọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan náà, ohùn ọ̀tọ̀. Ọmọ tí ó ti fi ahọ́n rẹ̀ sin èdè àlejò kan tún gbọ́dọ̀ fi sin òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ bó bá délé.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ kò sì fara sin. Ghana ni orílẹ̀-èdè tó bá Côte d'Ivoire pààlà ní ìlà-oòrùn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe ìjọba níbẹ̀. Kajú tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Bouaké ń kó jọ, ilẹ̀ India àti Vietnam ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ọmọ tó bá mọ èdè náà lè di ẹni tó dúró láàárín àgbẹ̀ àti oníbàárà. Nítorí náà, kò sí òbí tó gbọ́n tí yóò sọ pé kí ọmọ òun má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, bí èdè tuntun bá wọlé, èwo ló ń bá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde?

Ohun tó ṣe iyebíye jù lọ

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Baoulé, nítorí ó wà nínú orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ìtàn wọn sọ pé ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Asante. Ọmọbìnrin ọba kan tí ń jẹ́ Abla Pokou kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, wọ́n forí lé apá ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọ̀tá sì ń lé wọn bọ̀. Ìgbà tí wọ́n dé etí odò Comoé, odò náà kún dé bèbè, kò sí ọkọ̀, kò sí afárá. Babaláwo wọn ní odò fẹ́ ẹbọ, pé ohun tó ṣe iyebíye jù lọ lọ́wọ́ wọn ló ń bèèrè. Wọ́n kó wúrà àti àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wá. Odò kò gbà á. Ìgbà náà ni Pokou gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sọ ọ́ sínú omi, ọ̀nà sì là. Nígbà tí wọ́n gòkè tán, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ìyá jáde ni pé ọmọ ti kú. Láti inú gbólóhùn náà ni wọ́n sọ pé orúkọ Baoulé ti jáde wá.

Ìtàn yìí kan náà ló fi hàn pé ẹbí ni Baoulé àti Asante. Ṣùgbọ́n Òyìnbó fa ààlà sí àárín wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ti ìhín ń sọ Faransé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Kétu kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè bí ó ṣe ń rí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ilẹ̀ lọ́dún 1889, ọwọ́ Faransé ni Kétu bọ́ sí, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé ìjọba fún wọn, ọ̀kan kò ní lè ka ti èkejì. Yorùbá tí wọ́n jọ ń sọ nìkan ni okùn tí kò já láàárín wọn.

Àwọn ọmọ Anago

Àwọn Yorùbá náà wà ní Côte d'Ivoire lọ bíi rẹ́rẹ. Anago ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè wọ́n, Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ. Òwò ló gbé wọn débẹ̀. Ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Abidjan lọ sí òkè; ó dé Bouaké lọ́dún 1912, ó sì dé Ouagadougou lọ́dún 1954. Ibi tí ojú irin bá dé, ọjà a débẹ̀, ibi tí ọjà bá sì wà, ẹ kò lè wá Yorùbá tì níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana sì lé àwọn àlejò jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 1969, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n lé kò wálé, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Côte d'Ivoire ni wọ́n gbà lọ. Títí di òní, ẹni tó bá wọ Èjìgbò kò ní pẹ́ gbọ́ Faransé lójú títì, nítorí ọkọ̀ Abidjan ń lọ, ó sì ń bọ̀.

Ẹrù tó wà lórí ọmọ Anago tún wúwo ju ti ọmọ Baoulé lọ. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó gbọ́ Faransé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ó fẹ́ kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Nàìjíríà ni ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà nítorí ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó kù ni Yorùbá. Ní ti ìyẹn, wọ́n a ní kò sí wàhálà, yóò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀

Bí a bá ń wá ọmọ Yorùbá tó jókòó ronú lórí bí òun ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ayé kà, a kò ní rìn jìnnà. Ọmọ Òṣogùn ni, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun kó ìlú náà, ọmọ bí ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ni Àjàyí nígbà náà. Òwúrọ̀ ni, oúnjẹ ṣì wà lórí iná. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ogun. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ rí bàbá nìyẹn. Wọ́n mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Afàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn, títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí fi rà á. Ó tilẹ̀ dé ibi tí ó ti rò ó pé kí òun kúkú pa ara òun.

Lọ́jọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun. Lóṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Àjàyí gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Kò ní ìyá nítòsí, kò ní aṣọ, kò ní ohun ìní kan láyé yìí.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó lọ sílé ìwé, bí wọ́n ṣe jáde ló sáré lọ bá ará ilé rẹ̀ kan ní ìgboro, ó tọrọ épìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ra káàdì tí wọ́n kọ a, b, d sí, kí ó lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ti fi òun fúnra rẹ̀ ra ẹṣin rí, tó wá di ẹni tó ń fi owó ra nǹkan. Kò ra àkàrà, kò ra aṣọ. Lẹ́tà ló rà.

Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù Kejì ọdún 1837, nígbà tí òun náà ti di olùkọ́ ní Fourah Bay, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí William Jowett, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS ní London. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé kí oṣù mẹ́fà tó pé tí òun dé Sierra Leone, òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun lédè Gẹ̀ẹ́sì láìfi bẹ́ẹ̀ kọsẹ̀. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn ọmọ kíláàsì, wọ́n sì ń san sísì kan, kọ́bọ̀ kan àti épìnnì kan fún un lóṣù. Lọ́dún 1825 ló ṣe ìrìbọmi, tó di Samuel Crowther. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un lọ sí London, tó sì lọ sílé ìwé ní Islington. Lọ́dún 1827, òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fi Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe nínú lẹ́tà ọ̀hún. Kì í ṣe ìwà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi gbogbo rẹ̀ ròyìn. Òṣogùn ló kọ nípa rẹ̀. Ó ka àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ nípa ìyá rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe pín wọn níyà, ó dárúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti tà á. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá, kò sì mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè. Síbẹ̀, ohun gbogbo wà níbi tó fi í sí nínú ọkàn rẹ̀. Èdè tuntun ni àpótí, ẹrù àtijọ́ ló kó sínú rẹ̀.

Èdè Yorùbá pẹ̀lú wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún 1843 ni ìwé tó fi kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ló wàásù lédè Yorùbá ní Freetown. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ni wọ́n mú obìnrin àgbà kan wá bá a. Afàlá ni. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ya ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀, ẹnu wọn wúwo, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wojú ara wọn, omijé sì ń dà lójú ìyá. Ara ìyá ń gbọ̀n. Ìgbà tí ohùn padà sí i lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ pe ọmọ rẹ̀, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Ó sì rántí wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ká ní Àjàyí ti jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì lé Yorùbá jáde lẹ́nu òun ńkọ́? Ògbufọ̀ ni ìbá wà láàárín ìyá àti ọmọ lọ́jọ́ náà. Àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ì bá bọ́ sí etí rẹ̀ bí ariwo lásán. Èyí kò sì dín ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù. Lọ́dún 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, yunifásítì Oxford sì fi oyè dá a lọ́lá lọ́dún náà. Ìyá rẹ̀, tí òun náà ṣe ìrìbọmi lọ́dún 1848 tó ń jẹ́ Hannah, kò kú títí di ọdún 1883. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, iṣẹ́ tí Àjàyí àti àwọn mìíràn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe.

Àmì ìtìjú

Bí ilé ìwé ṣe wá ń ṣe sí èdè ọmọ lẹ́yìn ìgbà náà kò dára tó bẹ́ẹ̀. Bernard Dadié, àgbà òǹkọ̀wé Côte d'Ivoire tí wọ́n bí lọ́dún 1916 tó sì kú lọ́dún 2019, sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Climbié tó jáde lọ́dún 1956. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní "symbole". Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nílé ìwé ni wọ́n máa gbé e fún. Yóò máa rù ú kiri títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó tó lè gbé e lé e lọ́wọ́. Báyìí ni ọmọ ṣe di ọlọ́pàá fún ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ilé wa náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ló ti san owó ìtanràn rí, tàbí tó ti kúnlẹ̀ nínú oòrùn, nítorí pé Yorùbá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní kíláàsì. "Vernacular" ni wọ́n ń pe èdè Ìyá Àjàyí. Ọmọ á wá gbà pé èyí tí òun gbé ti ilé wá, ohun ìdọ̀tí ni.

Wọ́n á ní ọ̀nà tí ọmọ fi máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nìyẹn. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bá yege dáadáa nínú rẹ̀ ní ìdánwò WAEC yóò rí i pé ilẹ̀kùn yunifásítì ṣòro ṣí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò, ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n sì ti dán an wò. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ kan jọ nílé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọṣẹ́ láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ lédè ìyá wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí wọ́n máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tó wà lórí oyè wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí. Ohun tí ìjọba bá kọ̀ láti ṣe, ọwọ́ òbí ló kù sí.

Ohun tí ogun kò lè kó

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Bouaké di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀, ààlà sì là á kọjá láàárín orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ sá lọ sí gúúsù, ilé ìwé tì, yunifásítì Bouaké kó lọ sí Abidjan. Àwọn ọmọ tó yẹ kó jókòó ṣe ìdánwò wà nílé, wọ́n ń wojú ọ̀run. Nígbà rògbòdìyàn náà, àti nígbà tó tún gbóná lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, ọ̀pọ̀ Anago kó ẹrù wálé sí Èjìgbò.

Ọmọ tó bá bá irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ wálé, Faransé tó kọ́ kò ní ṣiṣẹ́ fún un ní kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní ilé ìwé kò ní tó. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ìwé lè ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Bí Yorùbá bá wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní ibi tó lè fẹsẹ̀ lé. Yóò lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, yóò lè bá ọmọdé ṣeré, yóò sì lè béèrè ọ̀nà ilé ìwé lọ́wọ́ ará àdúgbò. Bí kò bá sí Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, àlejò ni ní Bouaké, àlejò ni ní Èjìgbò.

Kí àwọn ọmọ Brobo máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ, kí àwọn ọmọ Anago máa kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ ilé náà má sì ṣe jáfara. Odò tó wà níwájú wọn jìn, ó sì yẹ kí wọ́n gòkè rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe Comoé. Kò bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ṣe iyebíye jù lọ sínú omi kí ó tó lè kọjá. Àjàyí gòkè rẹ̀, ó dé Canterbury, ó sì padà wá dáhùn nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é. Bí àwọn àgbà ṣe wí náà ni: odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.